Ìtàn Àgbàyanu Janet Rowley, Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin Tó Tọpa Jẹjẹrẹ Dé Ibùba Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ìtàn ọdẹ kì í sú, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, nítorí ìtàn ọdẹ kan tó wọ igbó tí ojú kò rí ni mo gbé wá lónìí. Ọdẹ yìí kò gbé ìbọn rí, kò so oǹdè mọ́ apá, kò sì sun ìjálá. Obìnrin ni, ìyá ọmọkùnrin mẹ́rin sì ni. Àlùmọ́gàjí ni ohun ìjà rẹ̀. Orí tábìlì tí òun àti ọkọ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun ni ó ti ká ọ̀tá mọ́. Ọ̀tá ọ̀hún ti ń pa ọmọdé, ó ti ń pa àgbà, ó ń pa olówó, ó ń pa tálákà, láti ìgbà tí ẹ̀dá ti ń jẹ́ ẹ̀dá, kò sì sí ẹni tó mọ ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Janet Rowley ni orúkọ obìnrin náà. Gbogbo ohun tí ẹ óò gbọ́ ṣẹlẹ̀ lójú ayé. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ igbó tí ọdẹ wọ̀. Iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ara ọmọ ènìyàn kan ṣoṣo fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po ju iye gbogbo ènìyàn orí ilẹ̀ ayé lọ. Nínú ọ̀pọ̀ wọn ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a ń pè ní DNA. Bí a bá tú okùn inú sẹ́ẹ̀lì kan, tí a nà án tán, yóò gùn tó mítà 2, síbẹ̀ inú ohun tí ojú lásán kò rí ni wọ́n ká a sí. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, okùn yìí a kó ara rẹ̀ jọ, a fara hàn ní ègé 46: 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn ègé wọ̀nyí ni kírómósómù. Ara wọn ni jíìnì wà, àwọn jíìnì tó ń pàṣẹ pé kí ojú dúdú, kí egungun gùn, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun wáyé, kí ti àtijọ́ kú. Àwọn onímọ̀ fún kírómósómù ní nọ́mbà láti 1 dé 22, wọ́n sì pe méjì tó kù ní X àti Y. Níbẹ̀ ni ìtàn wa ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1925, ní ìlú New York, wọ́n bí Janet Davison, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bí. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Ṣìkágò, ìlú tí afẹ́fẹ́ adágún omi ńlá ń fẹ́ lù. Ọmọ náà gbọ́n kọjá ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tó pé ọdún 15, Yunifásítì Ṣìkágò fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì jókòó láàrin àwọn tó ti ń hu irùngbọ̀n. Lẹ́yìn èyí ó ní iṣẹ́ dókítà ni òun yóò kọ́.

Ibẹ̀ ni odi àkọ́kọ́ ti dí i lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ 65 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà ń gbà, àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin láàrin wọn kò sì ju 3 lọ. Wọ́n yẹ ìwé Janet wò, wọ́n ní ó yege, ṣùgbọ́n àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kún. Kí ó lọ dúró. Ó dúró fún oṣù 9. Kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì yí ọkàn padà. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ó wọlé, ó sì di dókítà ní ọdún 1948, ọmọ ọdún 23. Ọjọ́ kejì tó gboyè ni ó fẹ́ Donald Rowley, ẹni tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Inú ayọ̀ kan ni ó ti bọ́ sínú èkejì.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọkùnrin tẹ̀lé ọkùnrin títí wọ́n fi pé mẹ́rin. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka ìtàn yìí, ẹ mọ ohun tí ọmọkùnrin mẹ́rin ń fi ojú ilé rí. Janet kò fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹlòmíràn pátápátá, kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀kan nínú ibi tó ti ṣiṣẹ́ ni ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò dàgbà bí ó ti yẹ. Ní ọdún 1959, nígbà tó ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ìròyìn kan ta láti Paris: Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wo inú sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ tó ní àìsàn tí a ń pè ní Down, wọ́n sì bá kírómósómù 47 níbi tó yẹ kí 46 wà. Ẹyọ kan péré tó lé ni ó yí gbogbo ayé ọmọ padà. Ọ̀rọ̀ yìí gún Janet lọ́kàn. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí kírómósómù.

Àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ọdún 1961. Ọkọ rẹ̀ lọ ṣe ìwádìí ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Janet sì bá a lọ. Àwọn mìíràn ì bá fi ọdún náà ṣe fàájì; òun wá yàrá ìwádìí, ó kọ́ bí a ti ń mú kírómósómù jáde, bí a ti ń ya fọ́tò wọn, bí a ti ń kà wọ́n. Nígbà tí wọ́n padà sí Ṣìkágò ní 1962, ó lọ bá Leon Jacobson, ọ̀gá àgbà nínú ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ohun tó bèèrè kò pọ̀: máíkírósíkópù kan, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, àti owó oṣù díẹ̀ tí yóò lè fi san owó ẹni tó ń bá a wo ọmọ. Jacobson gbà. Ọ̀gá náà a máa fi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kí ó bá òun wò ó. Bí ọdẹ wa ṣe rí ọ̀nà wọ igbó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ọ̀tá hàn yín. Ìran jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń gbé. Kì í mú ènìyàn lójijì. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí àárẹ̀ lásán. Ẹni tó mú a máa rù, òógùn a máa bò ó lóru, ikùn rẹ̀ lápá òsì a máa wú, a máa le. Bí a bá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a óò rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ti di púpọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n ń bí sí i lójoojúmọ́, wọn kò sì gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà náà, wọ́n lè fi oògùn dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan a gba ara rẹ̀, a sì ké ẹ̀mí ọlọ́mọ bí ẹni gé koríko.

Ní ọdún 1960, ní ìlú Filadẹ́fíà, Peter Nowell àti David Hungerford ti kófìrí ẹsẹ̀ ọ̀tá yìí. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn náà, wọ́n sì rí kírómósómù kékeré kan tí kò rí bí àwọn yòókù: apá kan rẹ̀ ti gé. Lára aláìsàn kan tẹ̀lé òmíràn ni wọ́n ti ń bá a. Orúkọ ìlú wọn ni a fi ń pè é, kírómósómù Filadẹ́fíà. Gbogbo ayé onímọ̀ gbọ́, wọ́n mi orí. Ṣùgbọ́n níbo ni ohun tó gé kúrò wọlé sí? Wọ́n ní ó ti sọnù. Fún ọdún tó ju 10 lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kú sí, nítorí nígbà yẹn aró kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi kun kírómósómù, ọ̀pọ̀ wọn sì jọra débi pé kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ pé èyí ni 21, èyí ni 22.

Ẹnìkan ní Sweden, Torbjörn Caspersson, ni ó fún ayé ní ojú tuntun. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ rí aró kan tó jẹ́ pé, bí a bá tan irú iná kan sí i, kírómósómù kọ̀ọ̀kan yóò máa tàn ní ìlà ìlà, dúdú níhìn-ín, mímọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sì sí nọ́mbà méjì tí ìlà wọn dọ́gba. Ní ọdún 1970, àwọn Rowley tún padà sí Oxford fún ọdún kan, Janet sì kọ́ iṣẹ́ aró tuntun náà. Ó kó ìmọ̀ yìí padà sí Ṣìkágò, ó sì bẹ̀rẹ̀ ohun tí yóò sọ ọ́ di ẹni àmúyangàn nínú ìtàn ìṣègùn.

Yàrá ìwádìí ni ó ti ń ya fọ́tò, ilé ni ó ti ń wò wọ́n. Yóò kó fọ́tò wálé, yóò tẹ́ wọn sórí tábìlì ìjẹun, yóò mú àlùmọ́gàjí, yóò gé kírómósómù kọ̀ọ̀kan jáde, yóò tò wọ́n ní méjì méjì, yóò sì tẹjú mọ́ wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní wọ́n ń san owó fún ìyá àwọn láti fi ọmọláńgidi oníwèé ṣeré. Wọn kò mọ̀ pé nínú eré náà ni ìyá wọn yóò ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kò rí. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a óò rí ìfun inú rẹ̀. Èyí tí Janet ń pa kéré sí ìfun èèrà lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ.

Ní ọdún 1972 ó kọ́kọ́ rí pàṣípààrọ̀ kan lára aláìsàn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mìíràn, èyí tó máa ń yára pani. Apá kan kírómósómù 8 ti ṣí lọ sára 21, apá kan 21 sì ti ṣí lọ sára 8. Ó wo aláìsàn kejì, ohun kan náà ni. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó padà sí ọ̀rọ̀ Filadẹ́fíà tí gbogbo ayé ti pa tì, ó kó àwọn fọ́tò náà síwájú, ó fi ìlà wé ìlà. Ó rí kírómósómù 22 tó kúrú, bí wọ́n ti wí. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bọ́ sórí 9. Kírómósómù 9 kan gùn ju bó ti yẹ lọ! Nǹkan kan wà ní ìdí rẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìwọ̀n nǹkan náà sì bá ohun tó gé lára 22 mu rẹ́gí.

Ohun tí wọ́n ní ó sọnù kò sọnù rárá. Ó wà ní ilé ẹlòmíràn! Bí ẹni pé aránṣọ gé bùbá ọkọ àti bùbá aya sórí tábìlì kan náà, tó wá ṣèèṣì rán apá ọkọ mọ́ ti aya, tó sì rán apá aya mọ́ ti ọkọ: aṣọ kò dín, apá kò dín, ṣùgbọ́n aṣọ méjèèjì ti bàjẹ́. Janet kọ ohun tó rí, ìwé ìmọ̀ Nature sì gbé e jáde ní ọdún 1973.

Ẹ lè rò pé wọ́n lu ìlù fún un. Rárá o. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ ní kírómósómù tó dàrú kàn jẹ́ pàǹtírí tí àrùn fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni. Wọ́n ní àrùn ni ó ń ba kírómósómù jẹ́, pé kò lè jẹ́ kírómósómù ni ó ń dá àrùn sílẹ̀. Janet kò bá wọn jiyàn púpọ̀. Ó padà sórí tábìlì rẹ̀. Bí àṣìṣe bá jẹ́ pàǹtírí, yóò yàtọ̀ lára ẹnìkọ̀ọ̀kan; bí ó bá jẹ́ orísun àrùn, ohun kan náà ni a óò máa rí lára gbogbo àwọn tó ní àrùn kan náà. Ní ọdún 1977, ó tún kéde pàṣípààrọ̀ kẹta. Láàrin àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dà títí ènìyàn yóò fi kú, kírómósómù 15 àti 17 ti pààrọ̀ ara wọn. Ó wò títí, aláìsàn lẹ́yìn aláìsàn, ibì kan náà ni ó ti já. Díẹ̀díẹ̀ ẹnu àwọn oníyèméjì ń wọlẹ̀. Ọwọ́ ti tẹ olórí ọ̀daràn.

Ẹ gbọ́ ohun tí pàṣípààrọ̀ 15 àti 17 yìí bí. Ní Shanghai, nílẹ̀ Ṣáínà, dókítà kan tó ń jẹ́ Wang Zhenyi rò ó pé dípò kí á máa pa sẹ́ẹ̀lì burúkú, a lè kọ́ ọ kó di sẹ́ẹ̀lì rere. Ní bí ọdún 1985, wọ́n fún ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 5 kan tí àrùn yìí ti gbé dé bèbè ikú ní oògùn tó jẹ́ ìbátan fítámì A. Ọmọ náà dìde, ara rẹ̀ yá. Ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀ títí àwọn onímọ̀ fi wo ojú ibi tí kírómósómù 17 ti já. Jíìnì tí wọ́n bá níbẹ̀ ni jíìnì tó ń gba iṣẹ́ tí ìran fítámì A bá rán sí sẹ́ẹ̀lì! Ẹ ò rí nǹkan? Obìnrin kan ní Ṣìkágò fi àlùmọ́gàjí tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin kan ní Shanghai sì ti di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú láìmọ̀. Lónìí, àrùn tó ń yára pani jù nígbà náà ti wà lára àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ṣeé wò sàn jùlọ.

Ti kírómósómù 9 àti 22 náà kò dúró lójú kan. Láàrin ọdún 1980 sí 1989, àwọn onímọ̀ rí i pé jíìnì kan tó ń jẹ́ ABL ń gbé lórí 9. Jíìnì náà ní púrótéènì tó máa ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín, lẹ́yìn náà a sì dákẹ́. Nígbà tó ṣí lọ sórí 22, ó bá jíìnì BCR níbẹ̀, wọ́n so pọ̀, wọ́n di ohun tí Ọlọ́run kò dá. Púrótéènì tó jáde lára wọn kò mọ bí a ti ń dákẹ́. Tọ̀sán tòru ni ó ń pariwo pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pín, kó máa pín, kó máa pín, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi kún fún àwọn aláìgbọràn.

Bí a bá ti mọ ẹni tó ń pariwo, a lè di í lẹ́nu. Nicholas Lydon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ oògùn kan ní Basel, nílẹ̀ Switzerland, ṣe oògùn tó máa ń há sí púrótéènì náà lẹ́nu. Brian Druker ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn tí oògùn àtijọ́ kò ràn mọ́ ní ọdún 1998. Nínú 54 tó gba ìwọ̀n tó tó, ẹ̀jẹ̀ 53 padà sípò! Ní oṣù karùn-ún ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Imatinib ni oògùn náà, Gleevec tàbí Glivec ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ní ọjà. Àrùn tó jẹ́ ìdájọ́ ikú di ohun tí ènìyàn ń lo oògùn fún lójoojúmọ́, tó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé ìtàn òkèèrè lásán ni èyí. Ní ọdún 2003, Ilé-Ifẹ̀ wa yìí, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni àwọn aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ètò ìrànlọ́wọ́ àgbáyé kan, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Dúrósinmí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti gbogbo igun Nàìjíríà ni wọ́n ti wọkọ̀ wá. Fọ́tò tí ìyá kan gé ní Ṣìkágò ni ó bí oògùn tí ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá fi padà sílé láti Ifẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá sì tún wọ inú yàrá ìwádìí obìnrin náà fúnra rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Fálúsì Olópadé, ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, tó gboyè dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, dé Ṣìkágò, ó sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Janet Rowley. Ó wá ohun tó já sọnù lára kírómósómù 9 nínú jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1992, ó dá ibi ìtọ́jú àwọn tí jẹjẹrẹ ń rìn nínú ìdílé wọn sílẹ̀ ní yunifásítì náà, ó sì yí ojú sí jẹjẹrẹ ọmú tó ń pa àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní kékeré. Ní 2005 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur. Olùkọ́ rere kì í kú ní àkúrun.

Ní ọdún 1998, Janet Rowley, Peter Nowell àti Alfred Knudson jọ gba ẹ̀bùn Lasker. Lọ́dún kan náà ni ó gba àmì ẹ̀yẹ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ní 2009, Ààrẹ Obama fi àmì ẹ̀yẹ òmìnira kọ́ ọ lọ́rùn. Pẹ̀lú gbogbo ògo yìí, kẹ̀kẹ́ ni ìyá arúgbó náà ṣì ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 2013, ọmọ ọdún 88. Jẹjẹrẹ inú ilé ẹyin ni ó pa á. Ọ̀tá tó lé fún ìgbà ayé rẹ̀ ní ìran púpọ̀. Ó ti fi orísun àwọn kan hàn, àwọn kan ṣì kù fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá ní orí pípé, ẹ má sọ fún un pé ọkọ àti ọmọ ni òpin ìwé kíkà. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ rí ohun tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò rí, nítorí pé ó ní sùúrù láti tún wo ohun tí wọ́n ti pa tì. Ẹ̀yin tí ara ń rẹ̀ láìnídìí, tí ẹ ń rù, tí òógùn ń bò lóru, tí ikùn yín lápá òsì ń le, ẹ má kọ́kọ́ sáré bèèrè ẹni tó ń ṣe yín. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín. Oògùn rẹ̀ ti wà, ẹni tó bá sì tètè dé ibẹ̀ ni ó máa ń ràn jù.